Iwin, Egbére àti Ẹsẹ̀ Agbóògùn: Àwọn Ìbéèrè Tí Wọ́n Máa Ń Bi Wá Nípa Òkè Ìdànrè

Láti Àkúrẹ́ ni mo ti máa ń kó akẹ́kọ̀ọ́ àti àlejò lọ sí Òkè Ìdànrè. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí ní ẹsẹ̀ òkè, lórí òkè, àti nínú ọkọ̀ nígbà tí a bá ń padà bọ̀ wálé. Mo kó wọn jọ síbí pẹ̀lú èsì tí mo máa ń fún wọn.

Níbo ni Òkè Ìdànrè wà, irú ibo sì ni?

Ìlú Ìdànrè wà ní ìhà gúúsù Àkúrẹ́, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ìrìn náà kò sì ju nǹkan bíi kìlómítà 24 lọ. Òdòdé, Aládé àti Àtòsìn ni ìlú mẹ́ta tí ó para pọ̀ jẹ́ Ìdànrè lónìí, oko kòkó ló sì yí wọn ká. Àwọn àpáta ràbàtà dúró lẹ́yìn ilé bí ògiri. Lókè lọ́hùn-ún, ní àárín àwọn àpáta wọ̀nyí, ni ìlú àtijọ́ wà, èyí tí àwọn ọmọ ibẹ̀ ń pè ní Ùfẹ̀ Òkè.

Ibi ìgbafẹ́ tí gbogbo ènìyàn lè lọ ni ìjọba fi ṣe nísinsìnyí: ẹ ó san owó ìwọlé nísàlẹ̀, ẹ ó sì gun àtẹ̀gùn. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹwàá ọdún 2007, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí àjọ UNESCO gbà wọlé gẹ́gẹ́ bí ogún àgbáyé. Ẹ jọ̀wọ́, ìwé àbá nìyẹn. Àwọn tí ń sọ pé UNESCO ti gbà á wọlé ti sáré ṣáájú ọ̀rọ̀.

Ṣé iwin ló lé àwọn ènìyàn kúrò lórí òkè?

Rárá o. Nígbà ogun, òkè ni ààbò: ọ̀tá tí yóò gun àpáta yẹn pẹ̀lú ohun ìjà lọ́wọ́ yóò ti rẹ̀ kí ó tó dé ẹnubodè. Nígbà tí ogun dáwọ́ dúró, tí ọ̀nà ọkọ̀, ọjà àti oko kòkó sì gbilẹ̀ nísàlẹ̀, kò sí ìdí mọ́ tí ìyá ọlọ́mọ yóò fi máa ru igbá ẹrù gun òkè lójoojúmọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn ènìyàn ń ṣí kúrò ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, nǹkan bí ọdún 1933 ni wọ́n sì sábà máa ń kà sí ìgbà tí ìlú parí ìṣípòpadà náà.

Àwọn tí ó ṣí lọ kò sá fún nǹkan kan, wọn kò sì kọ ilé wọn sílẹ̀. Ààfin àtijọ́ ti Ọwá, ìyẹn ọba Ìdànrè, ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn òpó tí wọ́n gbẹ́ ère sí lára, ilé ẹjọ́ wà níbẹ̀, ilé agogo wà níbẹ̀, ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1896 náà wà níbẹ̀. Ibi tí àwọn ọmọdé ti ń ka a-b-d nìyẹn. Ó máa ń dùn mí bí mo bá gbọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ Àkúrẹ́ ń pè é ní ìlú òkú.

Kí ni ìyàtọ̀ láàárín iwin, egbére, olúwéré àti àkúdàáyà?

Ìbéèrè yìí ló yẹ kí gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ béèrè, nítorí pé orúkọ kan ṣoṣo ni àwọn tí ó ń wo fíìmù òkèèrè máa ń fi pe gbogbo wọn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa kò sì da ọ̀rọ̀ wọn pọ̀ mọ́ra. Iwin kì í ṣe òkú. Ẹ̀dá tí kò fìgbà kan jẹ́ ènìyàn ni, tí ó ní ilé tirẹ̀ nínú igbó, lábẹ́ àpáta tàbí nínú ibú odò, tí ó sì máa ń rìn ní ọ̀sán gangan àti ní ọ̀gànjọ́ òru. Olúwéré ni èyí tí ó fi igi ìrókò ṣe ilé.

Egbére ni ẹ̀dá kúkúrú tí ó máa ń gbé ẹní sí abíyá, tí ẹkún kì í sì í dá lójú rẹ̀. Ẹni tí ó bá gba ẹní náà lọ́wọ́ rẹ̀ yóò di olówó, ṣùgbọ́n egbére yóò tẹ̀ lé e délé, yóò máa sunkún sí i létí lóru títí yóò fi dá ẹní náà padà. Ìyá mi àgbà máa ń sọ pé àwọn tí ó rí ẹní náà gbà kò ṣọ̀wọ́n; àwọn tí ó lè fara da ẹkún náà ni kò sí.

Àkúdàáyà nìkan ló fìgbà kan jẹ́ ènìyàn láàárín àwọn tí ẹ dárúkọ. Ẹni tí ó kú láìtọ́jọ́ ni, tí ó wá lọ tẹ̀dó sí ìlú mìíràn, tí ó fẹ́ ìyàwó, tí ó bímọ, tí ó ń ṣòwò, títí ọjọ́ tí ojúlùmọ̀ kan yóò fi rí i lọ́jà, tí yóò sì pòórá. Ní ti àwọn baba ńlá ìdílé tí wọ́n kú ní àgbà, a kì í pè wọ́n ní iwin rárá. Àwọn ni a ń bọ̀wọ̀ fún.

Ṣé lóòótọ́ ni pé kò sí ẹni méjì tí ó lè ka iye àtẹ̀gùn náà bákan náà?

Ìtàn náà fẹsẹ̀ múlẹ̀ nítorí pé iye tí wọ́n ń kọ sínú ìwé náà kò dọ́gba: ẹ ó rí 667 níbì kan, ẹ ó rí 682 níbòmíràn. Kò sí iwin nínú rẹ̀. Àwọn kan ka ibi ìsinmi mọ́ ọn, àwọn kan kò kà á; àwọn kan bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu géètì, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ níbi tí àtẹ̀gùn ti ga. Ẹni tí èémí rẹ̀ ti ń já kí ó tó dé ọgọ́rùn-ún kẹta kò sì lè ka nǹkan kan pé.

Ta ni Agbóògùn, ṣé ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àpáta sì máa ń dá àjẹ́ mọ̀?

Ìtàn ìlú sọ pé akọni àti olóògùn ni Agbóògùn, ó fi ẹsẹ̀ tẹ àpáta, àpáta sì gba ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni tẹ ẹrẹ̀. Kòtò tí ó dàbí àtẹ́lẹsẹ̀ náà wà níbẹ̀ tí gbogbo ènìyàn ń rí. Àwọn amọ̀nà yóò sọ fún yín pé kò sí ẹsẹ̀ tí kò bá a mu, ìbáà ṣe ti ọmọdé, ìbáà ṣe ti àgbàlagbà, àfi ẹsẹ̀ àjẹ́ tàbí ti oṣó.

Èmi fẹ́ràn apá àkọ́kọ́ nínú ìtàn náà gidigidi. Mo ti kúnlẹ̀ wo kòtò náà dáadáa. Etí rẹ̀ kò mú, ọdúnmọ́dún ni òjò àti ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn ti ń fi ọwọ́ pa á, ó fẹ̀ díẹ̀ ní ìhà gìgísẹ̀, omi òjò a sì máa dúró sínú rẹ̀. Ẹsẹ̀ kékeré yóò wọ̀ ọ́, ẹsẹ̀ ńlá yóò bò ó, ẹni kọ̀ọ̀kan yóò sì sọ pé ó bá òun mu. Ohun tí ìtàn ń wí ni pé òkè gba gbogbo àlejò.

Apá kejì ni ó ń bà mí nínú jẹ́. Ní ọdún kan, ọmọbìnrin kan nínú àwọn tí mo kó lọ gbé ẹsẹ̀ lé e ní ìbú, nítorí pé ibẹ̀ tutù ó sì ń yọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì jókòó. Kí n tó yíjú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní àjẹ́. Ẹkún ni ó sun dé Àkúrẹ́, ìyá rẹ̀ sì wá bá mi lọ́jọ́ kejì pé ọmọ òun kò fẹ́ lọ sí ilé-ìwé mọ́. Láti ìgbà náà ni mo ti máa ń sọ ọ̀rọ̀ yìí kí ẹnikẹ́ni tó bọ́ bàtà: ẹ kò gbọdọ̀ fi kòtò inú àpáta ṣe ẹ̀rí sí ọmọ ọlọ́mọ lọ́rùn. Wọ́n ti lé ọmọdé kúrò nílé rí ní ilẹ̀ wa nítorí orúkọ yẹn.

Àwọn àmì tí ẹnikẹ́ni kò lè kà ńkọ́?

Àwọn ìlà kan wà lára àpáta tí wọ́n dàbí ìwé kíkọ, ìtàn ìlú sì sọ pé ọwọ́ Agbóògùn ni. Ẹ lè wò wọ́n títí ó fi tẹ́ yín lọ́rùn. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹ má ṣe fi ẹfun, ọ̀dà tàbí òkúta kọ orúkọ tiyín sí ẹ̀gbẹ́ wọn.

Ṣé a lè mu Omi Apaara?

Ààrá ni àwọn ará ìlú so orúkọ omi náà mọ́, ọ̀wọ̀ rẹ̀ sì pọ̀ lójú wọn. Ẹ wò ó, ẹ fi ọwọ́ kàn án bí amọ̀nà bá gbà yín láàyè, ṣùgbọ́n ẹ gbé omi mímu tiyín dání láti ilé. Omi tí ń ṣàn láàárín àpáta tí ẹranko ń gbé kò mọ́ tó fún mímu láìsè.

Igbe kí ni àwọn ènìyàn máa ń gbọ́ lórí òkè lálẹ́?

Àwọn tí ń gbé ní ẹsẹ̀ òkè kò purọ́. Igbe wà lóòótọ́. Ọ̀kan dàbí ìkókó tí ń sunkún nínú ewé, èyí ni wọ́n sì máa ń pè ní egbére. Ẹranko kékeré kan wà nínú igbó wa tí ó ní ojú ràbàtà, tí ó máa ń fò láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka lóru, tí igbe rẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí ti ọmọ tuntun. Orúkọ kan náà, egbére, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń pè é. Èmi kò rò pé àwọn baba wa kò mọ̀ pé ẹranko wà níbẹ̀. Ọdẹ ni wọ́n. Mo gbà pé igbe náà ló kọ́kọ́ wà, kí ẹní àti owó tó wọ inú ìtàn.

Èkejì ni igbe òwàwà, ẹranko tí ó tó ehoro tó sanra, tí ó ń sùn nínú ihò igi ní ọ̀sán. Ní ọdún 2021, àwọn onímọ̀ nípa ẹranko kéde pé òwàwà tí ń gbé láàárín odò Volta àti odò Ọya jẹ́ irú ọ̀tọ̀ gedegbe, wọ́n sì sọ ọ́ ní Dendrohyrax interfluvialis. Igbe rẹ̀ wà lára ohun tí ó tú u fó: àwọn ẹbí rẹ̀ ní ibòmíràn ń ké tòò bí ẹni tí wọ́n ń pa, tiwa ń gbó bí ajá. Ilẹ̀ Oǹdó wà láàárín odò méjèèjì yìí. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ ajá tí ń gbó lórí igi nínú òkùnkùn, níbi tí ajá kankan kò lè gùn, ẹ má sá.

Ẹ̀kẹta ni ìró àpáta fúnra rẹ̀. Akọ òkúta Ìdànrè dì sí abẹ́ ilẹ̀ ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 600 ọdún sẹ́yìn, ilẹ̀ tí ó bò ó sì ti ṣàn lọ. Oòrùn ń mú un gbóná ní ọ̀sán, òru ń mú un tutù, awọ rẹ̀ a sì máa bó ní ìpele-ìpele bí àlùbọ́sà. Nígbà mìíràn, bí ìpele kan bá sán, ìró rẹ̀ yóò bú, àwọn àpáta tí ó yí i ká yóò sì gbà á sọ. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí a ti dé ibi ìsinmi kejì láti òkè. Ìró kan péré ni, bí ẹni ti ilẹ̀kùn ńlá, gbogbo wa sì dákẹ́. Síbẹ̀, ẹ sọ̀kalẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tí ó bá ṣi ẹsẹ̀ gbé nínú òkùnkùn lórí àtẹ̀gùn yẹn kò nílò iwin kí ó tó fara pa.

Kí ni èéfín dúdú tí ń jáde láti inú ihò àpáta ní ìrọ̀lẹ́?

Àdán ni. Wọ́n pọ̀ gan-an nínú àwọn ihò Ìdànrè, ìlú náà sì ní ọdún ìbílẹ̀ kan tí àwọn ọkùnrin máa ń wọ inú ihò lọ mú wọn. Àwọn onímọ̀ ìlera ṣe ìwádìí níbẹ̀ ní ọdún 2010 àti 2013, wọ́n sì rí i pé ó ju ìdajì àwọn àdán tí wọ́n yẹ̀ wò lọ tí àmì wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn pé kòkòrò àrùn tí ó jẹ́ ẹbí ti ajá dìgbòlugi ti bá wọn jà rí. Wọn kò rí àmì náà lára ẹnì kankan nínú àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò, ṣùgbọ́n nínú ènìyàn 203 tí àdán ti kàn lára rí, 3 péré ló ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi.

Nítorí náà, ẹ má wọ inú ihò, ẹ má sì gbé àdán tí ó já bọ́ sílẹ̀. Bí ó bá bu yín jẹ tàbí tí ó ha yín lára, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ sì kọjá sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má dúró wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀.

Ṣé ọkọ̀ Nóà ló gúnlẹ̀ sórí Òkè Ìdànrè?

Àwọn amọ̀nà máa ń fi àpáta kan tí ó rí bí ọkọ̀ ojú omi han àlejò. Bíbélì fúnra rẹ̀ sọ nínú Jẹ́nẹ́sísì orí 8, ẹsẹ 4, pé orí òkè Árárátì ni ọkọ̀ náà gúnlẹ̀ sí, ọ̀nà Árárátì sì jìn sí tiwa. Ẹ̀yìn tí àwọn ará ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í ka Bíbélì ni irú ìtàn yìí lè wọlé. Ìtàn Ìdànrè tí ó ti pẹ́ jùlọ sọ pé Olófin ló kó àwọn ènìyàn wá láti Ilé-Ifẹ̀ pẹ̀lú adé Odùduwà, adé ìlẹ̀kẹ̀ náà ni wọ́n sì ní Ọwá máa ń dé nígbà ọdún Ìdẹ́n. Ìyẹn tó ìtàn fún ìlú kan.

Ṣé òkú tí ń rìn ni Òrósùn?

Rárá, ẹ má ṣe sọ bẹ́ẹ̀ létí ọmọ Ìdànrè. Òrìṣà obìnrin ni Òrósùn, òun ni ó ni òkè tí ó ga jùlọ níbẹ̀, oṣù karùn-ún ọdún sì ni wọ́n máa ń ṣe ọdún rẹ̀. Ẹni tí ó bá bá àsìkò ọdún pàdé, kí ó béèrè ibi tí àlejò lè dúró sí àti ibi tí kò lè dé. Àwọn ìtàn ìbẹ̀rù tí ó so mọ́ òkè yẹn, pé ẹnì kan gùn ún tí kò padà wá, èèwọ̀ ni wọ́n ń ṣọ́. Bí wọ́n bá ní kí ẹ má kọjá, ẹ má kọjá.

Ṣé mo lè ya fọ́tò ibojì, tàbí kí n mú òkúta kékeré kan lọ sílé?

Ẹ béèrè lọ́wọ́ amọ̀nà kí ẹ tó ya fọ́tò níbi ìsìnkú àti níbi ojúbọ, nítorí pé àwọn kan wà tí wọ́n gbà kí á yà, àwọn kan sì wà tí wọn kò gbà. Ní ti òkúta, ẹ fi sílẹ̀. Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé ẹni tí ó bá mú un lọ kò ní sùn. Èmi kò fi ìyẹn dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ẹ wulẹ̀ rò ó bí ìgbà tí àlejò wá kí yín ní ilé bàbá yín, tí ó sì ṣẹ́ èérún lára ibojì bàbá yín sínú àpò.

Onígbàgbọ́ tàbí Mùsùlùmí ni mí. Ṣé bí mo bá gun òkè náà, mo ti bọ òrìṣà nìyẹn?

Onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí pọ̀ nínú àwọn ọmọ Ìdànrè fúnra wọn, wọ́n sì ń gun òkè baba wọn. Kò sí ẹni tí yóò ní kí ẹ bọ nǹkan kan. Bí amọ̀nà bá ní kí ẹ bọ́ bàtà níbì kan, tí ọkàn yín kò sì gbà á, ẹ dúró sẹ́yìn, ẹ má wọlé, kí ẹ má sì fi ẹnu tẹ́ńbẹ́lú ohun tí ó wà nínú ilé onílé. Àwọn kan máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà ìlé-ẹ̀mí-èṣù jáde láàárín àgbàlá ààfin, wọ́n sì ń pariwo. Ojú a máa tì mí níwájú àwọn àgbà tí ó jókòó níbẹ̀.

Ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ ibà lẹ́yìn tí a dé láti òkè. Ṣé iwin ló lù ú?

Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún ibà ẹ̀fọn. Bí ibà bá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà tàbí lọ́jọ́ kejì, kì í ṣe ẹ̀fọn ọjọ́ ìrìn yẹn ló fà á, nítorí pé ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ kan, nígbà mìíràn méjì, kí ibà tó yọjú. Inú ara rẹ̀ ló ti wà kí ẹ tó kúrò nílé. Ó sì lè jẹ́ oòrùn àti òùngbẹ, nítorí pé àpáta a máa gbóná bí agbada ní oṣù kejì àti ìkẹta, ọmọdé kì í sì í sọ pé òùngbẹ ń gbẹ òun nígbà tí eré bá dùn.

Mo mọ ìdílé kan tí wọ́n lo ọjọ́ mẹ́rin láti máa wá ẹni tí yóò tu iwin lójú kí wọ́n tó gbé ọmọ dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ọmọ náà yè, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kù. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe ètùtù tàbí kí ẹ gbàdúrà, ẹ ṣe é lórí ìjókòó ilé ìwòsàn.

Ọ̀rẹ́ mi sọ pé òun rí ẹnì kan tí ó ti kú láàárín ààfin àtijọ́. Kí ni kí n sọ fún un?

Ẹ kọ́kọ́ rò ó gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ṣe sọ ọ́. Àkúdàáyà a máa sá fún ojúlùmọ̀; ìlú tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n ló ń wá. Òkè tí ọkọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ láti Àkúrẹ́, Oǹdó àti Ọ̀wọ̀ ń dé sí lójoojúmọ́ ọdún àti ìsinmi ni ibi tí ó kẹ́yìn tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò fi ṣe ibùgbé. Nípa ìtàn wa fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò dúró.

Lẹ́yìn náà, ẹ rántí bí ibẹ̀ ṣe rí. Ní àkókò òjò, kùrukùru máa ń rọra wọ inú àgbàlá láti àárín àwọn àpáta, ẹ ó sì rí ènìyàn kan ní ìgbésẹ̀ mẹ́wàá sí yín bí òjìji láìrí ojú rẹ̀. Ọkàn tí ń wá ẹnì kan kò ní pẹ́ fi ojú ẹni náà sí i.

Nítorí náà, ẹ má fi ọ̀rẹ́ yín ṣe ẹlẹ́yà, ẹ má sì gbé ọ̀rọ̀ náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú àwòrán olóògbé. Ẹ bi í pé ta ni ó rí. Ẹ bi í pé ìgbà wo ni wọ́n ríra kẹ́yìn kí ẹni náà tó kú, kí ẹ sì jókòó tì í títí yóò fi sọ ọ́ tán.